Ibi Tí Bàbá Kọjú Sí

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn obìnrin kan tó ń fi omi iyọ̀ ṣe ènìyàn.

Ó ń da omi iyọ̀ àti ṣúgà sínú àyà ère oníke kan, kí inú ère náà lè dà bí ẹran ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí àmì ìlù ọkàn ṣe ń la ara jáde, láìsí wáyà, láti inú ẹ̀rọ kékeré tí dókítà ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn. Ọ̀rá ń jẹ díẹ̀ nínú àmì náà, iṣan ń jẹ púpọ̀. Ìyókù ló ń dé àpótí tó ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ọdún kẹsàn-án rèé, òun nìkan, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

"Ìyá Oníyọ̀, ọkọ yín mà ti yó o!" Akọ̀wé ibi iṣẹ́ wọn ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń nàka sí ère náà.

"Ó sàn ju tìẹ lọ. Èyí kì í jẹun tán kó tún máa ráhùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé pa ilẹ̀kùn dé, ẹ̀rín bá a lọ.

Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì fi ẹ̀rọ náà sí lára, bàbá arúgbó kan. Alẹ́ mẹ́fà ti kọjá tó ti kúrò nílé ìwòsàn, àmì kankan kò dé. Bí wọn ò bá rí ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà yóò tún la àyà bàbá lọ́la, yóò yọ ẹ̀rọ náà. Àyà ẹni ọgọ́rin ọdún kì í sì í ṣe àpò tí à ń tú, tí à ń so.

Obìnrin náà ṣírò, ó tún un ṣírò. Kò rí àṣìṣe kankan. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ó gbé báàgì, ó dilé bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sùn."

"Lọ́sàn-án gangan? Ṣé wàá kọrin fún mi kí n lè sùn ni?"

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó kẹ́yìn sí àpótí. Háà! Nínú gbogbo ìṣirò obìnrin náà, ńṣe ni aláìsàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ère oníke yẹn. Òun ò rò ó rí pé ènìyàn lè yí padà, kí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ àmì náà tán.

"Bàbá, ṣé ẹ lè kọjú síhìn-ín?"

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Oorun kì í wá." Ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí kejì, tí kò sí ìtẹ̀ orí kankan lára rẹ̀. "Ibí nìyá àwọn ọmọ mi máa ń sùn tẹ́lẹ̀."

Obìnrin náà gbé àpótí, ó yí ibùsùn po, ó dúró. "Ṣé kí n gbé e síbí?"

Bàbá wo ìrọ̀rí náà pẹ́.

"Gbé e síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti gbọ́ ọkàn mi láti apá ibẹ̀."

Iná àpótí tàn. Àmì wọlé, ìkan lẹ́yìn ìkan. Kò pẹ́, bàbá ti ń hanrun.

Ó yẹ kí obìnrin náà pe dókítà, kó sì máa lọ. Ó kọ́kọ́ jókòó ná. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹ̀gbẹ́ tí òun náà máa ń kọjú sí bí òun bá sùn. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sì rántí ẹnì kan tí òun lè bi.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó wá wo bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò mi ni nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.