Ìbòsí Tí Kọ̀ǹpútà Mo-Mọ̀-Ọ́n Ké

Ayàwòrán kan wà tí kò sóhun tí ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ti gbàgbé orúkọ ara yín, á ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-Mọ̀-Ọ́n. Òun àti bàbá ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan: kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀tún, aago lọ́wọ́ òsì. Bàbá Aago là ń pe bàbá náà. Ọgbọ̀n aago ló wà lára ògiri wọn. Bàbá sì ti fi awò kékeré tí wọ́n fi ń tún aago ṣe há ojú kan pẹ́ débi pé tí wọ́n bá wo èèrà mẹ́wàá, wọ́n á mọ èyí tí inú ń bí.

Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, obìnrin tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ń bọ̀ wá gba àwòrán ẹ̀ láago méjì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo ìyókù lọ. Bàbá tíṣà yìí ò dìde lórí kẹ̀kẹ́ arọ láti ọdún mẹ́ta, àmọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá dìde, ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú, ó jó ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́ta péré, ó jókòó padà. Mo-Mọ̀-Ọ́n nìkan ló yà á. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló sì wà, torí ó ti nu káàdì kámẹ́rà mọ́ tónítóní kó lè fi ya bọ́ọ̀lù.

Ó ń wá férémù ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe àwòrán yẹn lọ́ṣọ̀ọ́, ló bá tẹ nǹkan kan. Àfi gbàù! Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n koko. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ariwo náà pọ̀ débi pé ẹyẹ mẹ́tàdínlógún já bọ́ látorí òrùlé, ọ̀kan nínú wọn ò tíì gbọ́ràn dáadáa títí dòní. Obìnrin kan ń ké látinú ẹ̀: "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín! Ẹ má pa á o! Tẹ́ ẹ bá pa á, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á parẹ́! Ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá!"

Òógùn tó bo Mo-Mọ̀-Ọ́n tó fọ ọkọ̀ méjì.

"Bàbá, mo gbé o! Kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà!"

"Kòkòrò tó ń sọ̀rọ̀, tó tún ní nọ́ńbà fóònù?" Bàbá Aago ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣó o mọ ohun tó o fẹ́ ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá!" Ó ti ń tẹ nọ́ńbà.

Fóònù ò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí ọkùnrin kan fi gbé e. "Ọ̀gá, èmi ni ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Kí lẹ ní nínú ẹ̀?"

"Àwòrán ìgbéyàwó ni o! Bàbá ìyàwó tó dìde jó! Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ló wà láyé!"

"Háà! Mò ń wò ó báyìí. Fáírọ́ọ̀sì irínwó ó lé méjìlá! Wọ́n ti dé ibi ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ bàbá yẹn ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Màá fi ètò kékeré kan ránṣẹ́, ẹ gbà á wọlé kí n lè máa darí kọ̀ǹpútà yín láti ibí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka nọ́ńbà ara káàdì báńkì yín fún mi. Kíá! Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀!"

Mo-Mọ̀-Ọ́n yíjú padà. "Ẹ gbọ́, Bàbá? Ó mọ̀ nípa bàbá ìyàwó!"

"Ta ló sọ fún un?"

Mo-Mọ̀-Ọ́n wo fóònù ọwọ́ ẹ̀. "Èmi ni."

"O sọ ọ́ fún un tán, ó tún un sọ fún ẹ, o wá sọ ọ́ di wòlíì."

Bàbá Aago yọ awò lójú, wọ́n gba fóònù. "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ara ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Bàbá, kò sáyè ìkíni!"

"Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rí kọ̀ǹpútà wa lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ṣé èyí tí gíláàsì ẹ̀ sán ló ń ṣàìsàn, àbí èyí tó wà nílẹ̀?"

Ọkùnrin náà ní, "Èyí tó sán ni. Ó ti burú jáì!"

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì ẹ̀ sì ń dán bí orí apárí. Ibẹ̀ ni aago méjìlá ti lù. Ọgbọ̀n aago, kálukú lù ú lẹ́ẹ̀méjìlá. Odindi ilé mì tìtì.

"Kí nìyẹn?" ọkùnrin náà kígbe.

"Fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ń bọ̀."

Kíá, ó ti gé fóònù. Àmọ́ fèrè kọ̀ǹpútà ṣì ń han.

"Ó yá, pa á," Bàbá Aago wí.

"Bàbá, obìnrin inú ẹ̀ ní tí n bá pa á, àwòrán á parẹ́!"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé òun àti olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá lọ yìí kọ́ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́? Àna mi, ogójì ọdún ni mo ti ń tún aago ṣe. Aago kan ò pè mí rí pé òun bàjẹ́. Tí aago bá sì ń ṣe wèrè, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni kí n dá a dúró. Oníṣẹ́ tó bá ní kí n má dá a dúró, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ló ń fi pa mọ́ fún mi?"

Mo-Mọ̀-Ọ́n na ìka. Ìka náà rin ìrìn ọjọ́ méjì kó tó dé bọ́tìnnì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta bàbá yẹn ló ń rò. Tó bá parẹ́ ńkọ́? Kí ló máa sọ fún tíṣà? Ó di ojú méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò tú u sílẹ̀.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ó tún un tàn. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kóun ṣí ojú ewé tó ń wò tẹ́lẹ̀ padà. "Rárá o!" Ó sáré lọ síbi àwòrán. Bàbá ìyàwó wà lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pé pérépéré. Ó tún ní kí ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì yẹ gbogbo inú ẹ̀ wò. Kò rí kòkòrò kankan.

"Bàbá! Ìwé ìkéde lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ wa lójú! Kò dénú kọ̀ǹpútà rárá!"

"Mo mọ̀ ọ́n," Bàbá Aago wí.

Kó tó di aago kan, Mo-Mọ̀-Ọ́n ti da àwòrán náà sórí fíláàṣì méjì. Ó fi ọ̀kan sápò, ó ní kí Bàbá Aago bá òun fi ìkejì sínú ikùn aago tó tóbi jù.

Tíṣà dé láago méjì. Ó rí bàbá ẹ̀ lórí ìdúró. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ ò mọ̀!" ni Mo-Mọ̀-Ọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ogójì olè ló wá gbé e láàárọ̀ yìí! Èmi nìkan ni mo kojú wọn!"

Bàbá Aago wúkọ́.

"Èmi àti Bàbá ni."

Wọ́n tún wúkọ́.

"Bàbá ni," Mo-Mọ̀-Ọ́n wí. "Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì."