Iyọ̀ Ẹnu Géètì Màmá Fèyí

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ilé Màmá Fèyí ní Galadimawa tó ní òun kò rí iyọ̀, àfi kí onítọ̀hún lọ tún ojú rẹ̀ bọ́. Iyọ̀ wà nínú ike lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó wà nínú agolo lábẹ́ síǹkì, ó tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń gbé áyọ́ọ̀nù sí. Bí ìdí áyọ́ọ̀nù bá ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, Màmá Fèyí á da iyọ̀ sórí bébà, á máa fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná náà rìn lórí rẹ̀ títí tí ìdí rẹ̀ á fi dán. Ewúro ni o, iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi bò ó kó tó máa fọ̀ ọ́, kí kíkorò rẹ̀ lè tètè dín kù. Ìgbín ni o, iyọ̀ ni yóò fi fọ gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò. Nígbà tí àlejò kan da sóbò sórí kápẹ́ẹ̀tì funfun wọn, kí àlejò náà tó bẹ̀bẹ̀ tán, Màmá Fèyí ti bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ lé e lórí, iyọ̀ sì ti ń mu sóbò náà bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àná.

Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú," á ní, "ẹ má jẹ́ kí obìnrin yìí sún mọ́ mi o. Á fi iyọ̀ pa mí lára, á sá mi sóòrùn bí ẹja."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu Bàbá Fèyí lápá òsì. Fèyí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kejìlá, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé ẹsẹ̀ òun lòun yóò fi mú ọmọ òun dé iwájú pẹpẹ. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ti òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n yáa fi òun sílẹ̀ sílé. Nítorí náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ a máa wa mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń na iṣan ẹsẹ̀ náà, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa rìn. Dókítà ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé wọn kò gbọdọ̀ pa á jẹ, torí pé ẹsẹ̀ náà lè tún gan padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú wọn pa á jẹ. Jíìpù Diméjì ni.

Diméjì ń gbé ilé tó dojú kọ tiwọn. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ní Wuse ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo wọ́n, mọ́tò kékeré ti Ṣìmí ìyàwó rẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé jáde láràárọ̀, jíìpù dúdú gbàgìdì náà á sì wà níta. Igi ńlá kan ló ní ibòòji lójú pópó yẹn, iwájú géètì Màmá Fèyí gan-an ni ibòòji náà sì bọ́ sí. Diméjì kò fẹ́ kí oòrùn pa jíìpù rẹ̀. Ó rò ó pé kò sí ohun tó tún kù láti rò mọ́.

Màmá Fèyí bẹ̀ ẹ́ títí. Ó rán Àbdùlláhì, gádì ẹsitéètì, sí i. "Ẹ má bínú, Mummy, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Diméjì máa ń wí, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ á sì kanlẹ̀ dáadáa, a ò lè fi ìyẹn bú u. Bí ilẹ̀ bá mọ́, jíìpù á tún ti wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan wà tí Bàbá Fèyí wọ aṣọ, tó wọ bàtà, tó jókòó sínú mọ́tò tán, tí àwọn méjèèjì jókòó tí wọ́n ń wo ìdí jíìpù náà títí tí àkókò dókítà fi kọjá. Màmá Fèyí sunkún nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí òjò dé, koríko bẹ̀rẹ̀ sí yọ láàárín òkúta tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu géètì. Kí ni Màmá Fèyí yóò fi pa koríko, bí kì í bá ṣe iyọ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó se omi gbígbóná tí yóò dà lé iyọ̀ náà, ó wé ìborùn pupa kan tó ti ṣá mọ́rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí da iyọ̀ láti ìdí òpó kan dé ìkejì, ó ń tẹ̀ lé ojú ibi tí koríko gbà yọ. Ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń ṣiṣẹ́.

Diméjì wà lókè, níwájú yàrá rẹ̀, ó ń fọ eyín. Ọkùnrin tó kàwé ní ìlú òyìnbó ni o, ẹ má gbàgbé. Ó wolẹ̀, ó rí àgbàlagbà obìnrin tó wé nǹkan pupa mọ́rí, tí ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, tó ń da nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí táyà jíìpù rẹ̀. Kí Màmá Fèyí tó dé òpó kejì, Diméjì ti sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìfófò lẹ́nu, ó wọ jíìpù, ó sì gbé e sá.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ káàárọ̀ o!" Kò dúró gba ìdáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àbdùlláhì wá, ó sì dúró lókèèrè. "Mama, sànnu. Oga Diméjì say make I ask you, wetin be that thing wey you pour for ground? Kai, him fear o."

Màmá Fèyí la ẹnu láti sọ pé koríko ni òun ń pa. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí iwájú géètì, ó rí i pé ibẹ̀ ṣófo, ó mọ́ tónítóní, mọ́tò méjì lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa ẹnu dé.

"Tell am," ó ní, "say wetin person pour for him own gate, na him sabi wetin e dey find."

Ẹ ò ní sọ pé irọ́ ló pa. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ẹsẹ̀ òsì tó ti gan láti òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. "Ààà," ó ní, "ọjọ́ ogbó ni wọ́n wá sọ aya mi di àjẹ́!"

Láti ọjọ́ náà ni Màmá Fèyí ti bẹ̀rẹ̀ ìwà ìpáǹle. Koríko ti kú tán, ó ń da iyọ̀ sí i. Tó bá fi ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ họ pátákó tó fi ń gé ẹran, dípò kó ju èèpo ọsàn náà nù, ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí òpó géètì. Kò wúlò fún nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ó jọ nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, á dá orin ẹnu rẹ̀ dúró, á wo onítọ̀hún díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí mọ́tò tó tún dúró síbẹ̀. Wọn kò pa Ọjọ́bọ̀ kankan jẹ mọ́. Bàbá Fèyí, tí wọ́n ń gbá mú lápá méjèèjì tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé pálọ̀.

Ní àárín rẹ̀ ni Ṣìmí wá. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Diméjì ò lè talk mọ́. His throat, ó ti wú. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni. We are sorry, ma."

Màmá Fèyí mọ̀ pé ẹni tó bá ń sun abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù lójoojúmọ́ nínú òjò kò lè ṣe kí ọ̀fun má dùn ún. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé: "Lọ bu iyọ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó fi fọ ọ̀fun láàárọ̀, kó fi fọ̀ ọ́ lálẹ́. Kó má gbé e mì o."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀fun Diméjì ti san. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gbogbo àdúgbò gbọ́ pé ohun tí ìyá yẹn fi dè é náà ló fi tú u.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tó ń gbé gáàsì wá fún wọn bẹ̀rẹ̀ sí já a sílẹ̀ lápá kejì títì. Obìnrin tó ń wá bá wọn fọ aṣọ ní ara òun kò yá, ara rẹ̀ kò sì yá mọ́ títí dòní. Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa á gbé Màmá Fèyí dé orí ìkóríta, á ní ibi tí ọ̀nà òun mọ nìyẹn. "Iyọ̀ rẹ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí," ni Bàbá Fèyí wí. Ìyàwó rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ tó ṣe pàtàkì jù dé. Dókítà fẹ́ wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà ìkẹyìn, kó mọ̀ bóyá kí òun gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá Fèyí, kó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ń rin ìrìn àjò, kò sì ní dé títí ìgbéyàwó á fi kọjá. Màmá Fèyí ṣí géètì, ó gbé ọkọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò kò dún. Bátìrì ti kú.

Mọ́tò àtijọ́ ni, tí wọ́n bá tì í díẹ̀ á dún. Ó ké sí Àbdùlláhì. Àbdùlláhì ké sí Diméjì, tó wà nílé lọ́jọ́ náà nítorí ìsinmi, ó sì ké sí àwọn ọkùnrin méjì tó ń kun ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré wá. Wọ́n dé ibi iyọ̀, wọ́n dúró.

"Ẹ wọlé wá, ẹ bá mi tì í," ni Màmá Fèyí wí.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Iyọ̀ ni! Koríko ni mò ń fi pa!" Ó gbá ìgbálẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá a.

"Mummy, ó ti wọ ilẹ̀," ni Diméjì wí jẹ́jẹ́.

Ó bu iyọ̀ nílẹ̀, ó lá a lójú gbogbo wọn. "Ẹ rí i? Iyọ̀ ọbẹ̀!"

"Ẹni tó ni ín, kò lè mú un, Màmá," ni ọ̀kan nínú àwọn akunlé wí, ọmọ Ìkirun ni. "Ẹ má bínú. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀."

Àkókò ń lọ. Màmá Fèyí wo ẹ̀yìn, ó rí orí ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò, funfun, tí wọ́n gẹ irun rẹ̀ nítorí dókítà. Ìtìjú mú un, ẹ̀rù bà á, orí rẹ̀ sì gbóná. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí òkúta. "Diméjì ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Háà! Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Àwọn akunlé pariwo, wọ́n pẹ̀yìn dà. Diméjì na gbalaja sílẹ̀ lápá tirẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Mummy, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí! Mi ò tíì bímọ!" Ọ̀kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀kan wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, iyọ̀ wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó ń ti mọ́tò.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Bàbá Fèyí gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé ìkejì. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí àga. Ó ń gbọ̀n, ó di ẹnu pinpin, ó fa ẹsẹ̀ òsì, ó gbé e, ó tún fà á. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ iyọ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá rẹ̀, ó dé orí Diméjì, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Bó bá jẹ́ oògùn, èmi ni ì bá kọ́kọ́ mú. Wá bá ìyá rẹ ti mọ́tò."

Diméjì wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo ọwọ́ tí kò gbé ọ̀pá. Ó dìde, ó kọjá sínú ọgbà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ti mọ́tò náà tagbáratagbára, ó dún, wọ́n sì gbé Bàbá Fèyí wọ̀ ọ́ lójú títì.

Nígbà tí wọ́n kọjá ràńdábáọ̀tù, Màmá Fèyí bi ọkọ rẹ̀ léèrè. "Ẹ̀rù ò bà yín pé ẹ lè ṣubú?"

"Ó bà mí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, mi ò rí i rí kí o kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fẹ́ ọ gan-an, o ò kúnlẹ̀ bẹ̀ mí rí. Bí mo ṣe rí ọ lórí òkúta yẹn nítorí mi, mi ò rántí pé ẹsẹ̀ kan ń dùn mí."

Màmá Fèyí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ti gbàgbé ohun tí ọwọ́ náà bù nílẹ̀, ó sì ta á lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti yà sẹ́bàá títì. Kò jẹ́ pa ẹ́ńjìnnì o. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Iyọ̀ ló kó sí mi lójú," ó ní.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Fèyí wí, ó sì na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí i.