Òjìji Létí Odò Àsà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún 1991, Yísà onífọ́tò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì rántí ẹ̀gbẹ́ ojú tí àmì ìbí ìyàwó rẹ̀ wà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Àmì dúdú kékeré kan ni, lókè ẹnu díẹ̀, ìyẹn dá a lójú. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀tún ni, àbí òsì? Lọ́kàn rẹ̀, ó fi í sí ọ̀tún, ojú náà jọ ti Bàríkísù ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e lọ sí òsì, ó tún jọ ọ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ọdún méjì péré sẹ́yìn ni obìnrin náà kú, ojú rẹ̀ sì ti ń parẹ́ lọ́kàn ọkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá kàn dìde lọ wo fọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Yísà ti Ìwó wá sí Ìlọrin nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya gbogbo ìlú tán. Ó ya ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó ya akẹ́kọ̀ọ́ Tanke nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n yá wọ̀, ó ya ọmọ tuntun tí kò tíì lajú dáadáa, kò sì ní fọ́tò ìyàwó ara rẹ̀ kan ṣoṣo. Bàríkísù ni kò gbà. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú, bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán ènìyàn bá wà, àti pé lọ́jọ́ ìdájọ́ wọ́n á ní kí ẹni tó ya àwòrán fún un lẹ́mìí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ìyàwó onífọ́tò, ẹ má bi mí, n kò sí níbẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé kí Yísà máa ya ẹni tó bá wù ú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Challenge, kó má sáà gbé ojú ẹnikẹ́ni wálé. Funfun báláú ni ògiri ilé wọn wà títí obìnrin náà fi kú. Wọn kò bímọ, nítorí náà kò sí ojú ọmọ tí Yísà ì bá máa wò láti fi rántí ojú ìyá rẹ̀.

“Ẹ máa ya ìlú, Onífọ́tò,” ni Bàríkísù máa ń wí. “Ìlú ò ní ní kẹ́ ẹ fún òun lẹ́mìí lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀.”

Ìlú náà ni wọ́n sì jọ máa ń lọ yà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò sí oníbàárà, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù, wọn á sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Àsà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn wọn. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí afárá, àti àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, àti ilé gogoro ìpèrun mọ́ṣáláṣí kan ní òdìkejì, tó yọrí lókè gbogbo wọn. Bàríkísù ló máa ń ru àpò kámẹ́rà. Ilẹ̀ etí odò tutù, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé àpò náà sílẹ̀. Bí Yísà bá ti lóṣòó, tó gbé kámẹ́rà sójú, òun á sáré bọ́ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, kí kámẹ́rà má baà ṣèèṣì rí òun. Á fi ọwọ́ òsì di àpò mú lórí, á dúró láìmira, títí Yísà yóò fi sọ pé ó tán.

Láti ìgbà tó ti kú, Yísà kò dé odò mọ́. Láníyọnu òǹtẹ̀wé, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ya ìlú láti etí odò, òun fẹ́ lò ó fún kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Yísà lọ. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó rántí, ó tún gbé e, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tó tẹ kámẹ́rà tán, ó ní, “Ó tán.” Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Àwọn tó ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ odò gbójú sókè wò ó, wọ́n sì padà sídìí ọṣẹ wọn. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Fọ́tò náà kò tilẹ̀ dára. Ẹnìkan ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí òdìkejì odò, ó gbé táńkì omi lé e lórí, táńkì ọ̀hún sì dúró gbọnrangandan níwájú ilé gogoro ìpèrun. Yísà bá ronú kan àwọn fíìmù àtijọ́, tó kó sínú agolo bisikíìtì láti ìgbà tí kò tíì sí táńkì kankan níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ fọ́tò, Yísà ní òfin kan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìwó máa ń sọ pé òjìji tó bá wọ inú fọ́tò, àbùkù onífọ́tò ni. Ẹni tó bá sì kẹ̀yìn sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, òjìji kò ní ṣàì wọlé. Nítorí náà, gbogbo fọ́tò etí odò ni Yísà máa ń gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù kó tó tà á. Kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ kí Láníyọnu fúnra rẹ̀ sọ ibi tí òun fẹ́ kó gé, ló bá mú ọ̀kan nínú àwọn fíìmù àtijọ́ náà, ó sì fọ fọ́tò rẹ̀ lódindi.

Ó rọra ń mi abọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, nínú yàrá òkùnkùn, lábẹ́ iná pupa. Ilé gogoro ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà afárá, lẹ́yìn náà omi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ohun kan yọ lórí iyanrìn nísàlẹ̀. Òjìji obìnrin ni, ó gùn gbọọrọ, ẹrù wà lórí rẹ̀, ọwọ́ òsì lọ sókè, etí ìbòrí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Yísà mú ọwọ́ kúrò nínú omi. Obìnrin tó sá fún kámẹ́rà lọ sẹ́yìn ọkọ, oòrùn ló tì í padà wá síwájú. Ó fọ òmíràn, ó tún fọ òmíràn. Gbogbo èyí tó yà ní ìrọ̀lẹ́ ni Bàríkísù wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ òun Yísà, sísọ́ọ̀sì òun Yísà, ló ń gé e dànù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún, kò pa ohùn mọ́ra, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Fọ́tò náà wu Láníyọnu púpọ̀. Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò.

“Òjìji ta tilẹ̀ nìyí, Bàbá Onífọ́tò?”

“Ti ẹni tó ń bá mi ru àpò ni,” ni Yísà dáhùn, ó sì gba fọ́tò rẹ̀ padà. Ó fún un ní èyí tó ní táńkì. Ó ní bí táńkì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá onífọ́tò mìíràn. Láníyọnu sì wá òmíràn.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Yísà tó lè gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri funfun yẹn. Ọ̀rọ̀ màláíkà ń dà á láàmú. Níkẹyìn ó sọ fún ara rẹ̀ pé òjìji kì í ṣe ojú, ó sì kan ìṣó.

Hàúwà, obìnrin ojúlé kejì, ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọ̀rẹ́ Bàríkísù ni, òun ló ń dirun fún un láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó rí fọ́tò náà, ó sì dúró.

“Bàríkísù rèé,” ló wí. “Ọwọ́ òsì tó fi ń di ẹrù rẹ̀ rèé.”

Inú Yísà dùn gidigidi. Ẹnìkan mìíràn rí i, kì í ṣe òun nìkan. Ló bá rí ìgboyà béèrè ohun tí ojú ń tì í láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti òwúrọ̀ ọjọ́ tó jí tí kò rántí.

“Hàúwà, àmì ìbí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú wo ló wà?”

Hàúwà rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó rọrùn. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ìka náà lọ sí òsì. Ó nawọ́ síwájú, ó la àwọn ìka, bí ìgbà tí orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàárín orúnkún rẹ̀ tó ń dirun fún un, ó ń wá ojú náà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Mi ò rántí mọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Àwọn méjèèjì dúró síwájú ògiri. Bàríkísù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ojú òun pamọ́, kò sì sí ẹni tó rí i tọ́jú, kódà nínú ọkàn.