Ohun Tí Mi Ò Sọ fún Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú àbúrò mi. Mo ti ń kọ kóòdù fún ọdún mẹ́fà kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà, ìbéèrè tó ń gba èmi ní wákàtí kan, òun á ti parí rẹ̀ kí omi tíì mi tó hó, á wá wojú mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dáa báyìí?” Màmá wa wá sọ ọ́ ní Orí Pípé. Bí tiẹ̀ bá pé, ṣé tèmi dín ni?

Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí gbogbo oníkóòdù ń lé kiri pe àwa méjèèjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tirẹ̀ ló ṣáájú, tèmi á tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù kan. Mo ti lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọn ò gbà mí. Ẹni tó bi mí léèrè sọ ìdí rẹ̀ fún mi lójúkojú: ìdáhùn mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ jù. Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sọ èrò rẹ̀ síta bó ṣe ń kọ ọ́, kódà bó bá ń ṣìnà. Ojú tì mí, mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé.

Àbúrò mi náà kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ronú. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń gbé pátákó funfun ti ògiri pálọ̀, èmi á jókòó bí ọ̀gá, òun á dúró. Mo ní kó wá ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ogójì ilé. Ó fi eyín di ìdérí máákà mú, ó kọ, ó nù ún, ó tún kọ. Kò gbin. Ìdáhùn dé, ó sì tọ̀nà.

“Àbí kí n máa ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ń ṣe é?” ló bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo yí ojú sí pátákó, mi ò wò ó lójú.

“Má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu,” mo ní. “Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe ariwo.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo sì jẹun yó lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀, èsì dé lọ́sàn-án. Wọn ò gbà á. Ó kà á sókè fún mi: ìdáhùn rẹ̀ pé, àmọ́ wọn ò gbọ́ bó ṣe ń ronú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má purọ́.

Ló bá gbé pátákó ti ògiri, ó fà mí dìde.

“Ó kéré tán, a ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ò ní ṣubú síbi tí mo ṣubú sí. Ẹ máa yanjú ìbéèrè ogójì ilé yẹn, kí ẹ máa sọ ọ́ sókè. Màá máa gbọ́ yín.”

Ó na máákà sí mi. Owú náà tún ru sókè nínú mi, torí mo rí i pé ìwà náà, ó tún fi jù mí lọ. Mi ò lè gba máákà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀,” mo ní. “Láti ọdún tó kọjá. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi.”

Mo ń retí kó pariwo, kó pe Màmá wa. Kò pe ẹnì kankan. Ó gbé máákà lé orí tábìlì, ó jókòó sórí àga ọ̀gá, ó na ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ará ilé iṣẹ́ yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọn ò rí rí.

“Ẹ káàsán, mà,” ó ní. “Kí ni orúkọ yín?”