Ìdọ̀bálẹ̀ Akóredé

"I don forgive am," ni Alimat sọ sínú maikirofóònù, ó sì káwọ́ bọ inú híjáàbù rẹ̀.

Inú bí Lọ́yà Bilkis gidigidi. Láti àdúgbò Elelenwo tí ó ti gbé obìnrin yìí wá láàárọ̀, kò gbọ́ pé ó ti dárí ji ẹnikẹ́ni. Alimat nìkan ni ẹlẹ́rìí tó gbójúgbóyà wá síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, láti sọ pé ọlọ́pàá ti òun mọ́lé nígbà tí wọn ò rí Ṣùkúrù ọmọ òun mú. Bí kò bá sọ ọ́, àbádòfin tí Bilkis ti ń lé kiri láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé, èyí tí yóò ka mímú ìyá dípò ọmọ léèwọ̀, kú nìyẹn.

Bilkis tẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ sí i létí. "Màmá, kí ló dé?"

"Akóredé wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lánàá. Ó fi Ọlọ́run àti Ànábì bẹ̀ mí. Mo ní ó ti tán."

Akóredé, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá, jókòó ní òdìkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bilkis ló kọ́ ọ lófin ní yunifásítì. Òun náà ló ń sọ fún wọn ní kíláàsì pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ burúkú ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà jù.

"Madam Chair, nobody lock this mama," ni Akóredé wí.

Ibinabo, alága ìgbìmọ̀, ti ń pa fáìlì dé. Bilkis dìde fùú.

"Mama, wetin e do you wey you forgive am?"

Alimat wo Akóredé. Ó wo ilẹ̀. Ó ti torí Ọlọ́run dárí jì í, kò sì lè fi Ọlọ́run kan náà purọ́.

"Dem lock me," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Because of my pikin."

Ariwo ta. Ibinabo ṣí fáìlì padà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Akóredé, inú Bilkis sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Níta, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún Alimat. Alimat ò wọlé.

"Màmá, torí irú yín la ṣe ń ṣòfin yìí."

"Ọlọ́pàá mú mi torí ọmọ mi." Kò pè é ní Lọ́yà mọ́. "Ìwọ mú mi torí òfin ẹ."

Ó sọdá títì lọ wá kẹ̀kẹ́ èrò. Bilkis di ilẹ̀kùn mú níbẹ̀. "Ẹ dárí jì mí" ló wá sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì, torí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, màmá náà yóò dárí ji òun, bí ó ti dárí ji Akóredé.