Bọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Ń Mí

"Bàbá Peculiar, kí lẹ tún ń jó nínú kíṣìnì?"

Monílọ́lá ló bi ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adépọ̀jù ti ki irin bọ iná sítóòfù títí ó fi pọ́n, ó sì ń fi í lu ihò sí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́tà kan tó tọrọ lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì àdúgbò Arakale. Èéfín rú díẹ̀, ihò yọ. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

"Ibi tí ọtí yóò máa gbà mí nìyí," ó ní. "Èyí tó kọjá, mo dé e pa ni kò jẹ́."

Monílọ́lá gbójú wo àjà. Àbàwọ́n èyí tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ rẹ sínú kẹ́ẹ̀gì láti fi ṣe àgàdàgídí, ó sì dé e pinpin kí atẹ́gùn má baà wọlé. Kẹ́ẹ̀gì wú, ó wú, ó sì bú gbàù nígbà tí tọkọtaya ń ka Bíbélì lọ́wọ́. Ó kéré tán, ọtí náà gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kó tó kú.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni Adépọ̀jù wí, ó sì fa rọ́bà funfun gígùn oníhò kan yọ lápò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wò bóyá ilé tẹ́jú. Ó ki orí kan bọ ihò náà, ó yọ́ àbẹ́là yí i ká. Orí kejì, ó tì í sínú ìgò omi. Atẹ́gùn á máa jáde, kò ní lè wọlé. Ó rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì dé e.

Ọkùnrin tó ń lálàá lójú ṣíṣí ni Adépọ̀jù. Òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ta ọtí kógbá wọlé nígbà tí owó epo jẹnẹrétọ̀ fò sókè, tí ìrẹsì di oúnjẹ ọlọ́lá. Ó sin ẹja, ẹja kú. Ó se ọṣẹ, ọṣẹ kò hó. Níkẹyìn, Akíntóyè, ẹ̀gbọ́n Monílọ́lá, bá àbúrò rẹ̀ wá iṣẹ́ olùkọ́ sí Oǹdó, ó ní kó wá máa gbé ilé ìyá wọn. Peculiar, ọmọ wọn obìnrin, ti ṣáájú lọ. Ọ̀tunla ni Monílọ́lá náà yóò lọ.

Kò sẹ́ni tó pe Adépọ̀jù. Ọkùnrin kì í gbé ilé àna, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́. Òun náà ò sọ ju "Ó dáa" lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Monílọ́lá ò mọ̀ mọ́ bóyá iṣẹ́ lòun ń lọ ṣe ni, àbí ọkọ lòun ń kọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀ sórí páànù, Monílọ́lá sì sùn lórí ẹní. Bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí mí sínú ìgò: pọ́lọ́, pọ́lọ́. Oorun gbé Monílọ́lá dé ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá rẹ̀ l'Óǹdó. Àwọn ìkòkò àgàdàgídí tò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ń mí, ìyá àgbà sì ń fi etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Adépọ̀jù jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó lajú, ọkọ rẹ̀ jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń wo omi inú ìgò.

"Ẹ ò sinmi ni?"

"Mò ń gbádùn rẹ̀ ni." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn wà níbẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà, pẹ̀lú àbẹ́là. "Tìrẹ nìyẹn, kí o lè máa pọn ọtí l'Óǹdó. Tí o bá ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, o ò ní ráyè ṣọ́ ìkòkò. Èyí kò fẹ́ aṣọ́nà."

Ó dun Monílọ́lá wọra. Òun ti rò pé eré lásán lọkọ òun ń ṣe, àṣé ẹrù òun ló ń bá òun dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò Oǹdó. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá ẹja ló wà nínú rẹ̀. Ní Ọ̀wẹ̀nà, lójú ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà dúró, àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sì ya bo fèrèsé. Monílọ́lá yọ fóònù.

"Bàbá Peculiar."

"Ṣé o ti dé ni?"

"Rárá. Ọ̀wẹ̀nà la wà. Ẹ kó ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Sílé àna mi? Ẹ̀gbọ́n rẹ ò pè mí."

"Èmi ni mo pè yín. Ó yẹ kí n ti pè yín tipẹ́. Mi ò fẹ́ máa gbé ibẹ̀ láìsí yín."

"Kí làwọn èèyàn á máa pè mí?"

"Ọkọ Monílọ́lá. Ohun tí wọ́n ń pè yín tẹ́lẹ̀ náà ni."

Dẹ́rẹ́bà ti ṣáná sí mọ́tò. Monílọ́lá tẹ fóònù mọ́ etí kí ariwo mọ́tò má baà bo ohùn ọkọ rẹ̀.

"Màmá Peculiar," ni Adépọ̀jù wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé mọ́tò Oǹdó ṣì máa wà ní gáréèjì tó bá di ọ̀sán?"