Fíìmù Tí Ìmọ́lẹ̀ Jẹ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ohùn mi ti há, àmọ́ orin ò tíì tán lẹ́nu mi. Ìkòkò wà lórí iná. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ebi lọ sílé.

Ayàwòrán ni àbúrò mi ọkùnrin. Kámẹ́rà àtijọ́ ló ń lò, èyí tí wọ́n ń ki fíìmù bọ̀ nínú. Nígbà tí gbogbo ayé ti ń fi fóònù ya ara wọn, tí wọ́n ń rí ojú wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun ṣì ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òkùnkùn, ó ń fọ àwòrán nínú omi olóòórùn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Arẹ́rìn-ín là ń pè é, a máa fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, “Bàbá, kí àwòrán tiyín tó jáde, ẹni tí ẹ yà á ti hewú.” A ó rẹ́rìn-ín, èmi á sì dárin:

Ẹ dúró kí n wò yín,
ẹ má ì ṣẹ́jú;
ẹ̀rín tí ẹ rín lónìí
kò ní gbó láé.

Irọ́ ni mo fi kọrin.

Arẹ́rìn-ín ń rìnrìn àjò lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ wọn sì jóná lọ́nà. Fóònù rẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Pósí tí wọ́n gbé wá fún wa, wọ́n ní ká má ṣí i. Ìyá rẹ̀ wá àwòrán títí. Tìgbà kékeré ọmọ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti ní fóònù ni kò ti jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ya òun mọ́. Èyí tó bá sì fi ránṣẹ́ síyàá rẹ̀, ìyá a pa á rẹ́ kí fóònù lè gba òmíràn. Ojú àgbà ọmọ yìí ni ìyá fẹ́ rí, kò sì rí i níbì kankan.

Àbúrò mi wá rántí. Ó ní lówùúrọ̀ tí ọmọ ń lọ, ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró fóun lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, òun sì yà á. Ó ṣì wà nínú kámẹ́rà. Ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, ó jáde lọ ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù, torí tirẹ̀ ti tán.

Kò tíì jìnnà tí ìyàwó wa, ìyá ọmọ, fi gbé kámẹ́rà. Mo wà níbẹ̀, mò ń ká aṣọ. Ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ń wá ojú dígí bíi ti fóònù. Kò rí i. Ó fa irin kékeré kan, ẹ̀yìn kámẹ́rà sì là yakata níwájú fèrèsé.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i o. Ribọ́ọ̀nù dúdú lásán ló wà níbí.”

Èmi náà na ọrùn wò ó. Àwa méjèèjì ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wá ọmọ náà ló ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí àbúrò mi dé, ó fàtẹ́lẹwọ́ pa á dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bú òun. Kò bú u. Ó ní fíìmù ń ká lé ara rẹ̀ ni, èyí tóun yà kẹ́yìn ló wà lókè, òun ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá. Bóyá tìsàlẹ̀ ṣẹ́ kù.

Nígbà tí fíìmù gbẹ, ó ní ká wọlé wá. Ibi tí ẹ̀rín ọmọ wà ti dú bí èédú. Ẹyọ kan ló yè, èyí tó jí yà nígbà tí ọmọ ń sá aṣọ. Lábẹ́ iná pupa tí kì í ba pépà jẹ́, ó tan ẹyọ náà sórí pépà funfun, ó ri í sínú omi. Èjìká yọ, irun dídì yọ, apá tó nà sókè yọ. Ọmọ kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wúyẹ́wúyẹ́ pé, Arẹ́rìn-ín, yíjú sí wa. Pépà ò gbọ́.

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. Ó ní, “Kó tó mọ ojú mi, ẹ̀yìn mi ló mọ̀, níbi tí mo pọ̀n ọ́n sí. Ẹ bá mi gbé e kọ́.”

A gbé e kọ́. Àbúrò mi ò ki fíìmù bọ kámẹ́rà yẹn mọ́.

Ó dáa náà. Àwo ti ṣófo, ikùn ti kún, inú yín sì dùn. Ẹ máa lọ sílé kẹ́ ẹ lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dẹ́nu ọ̀nà, kó yíjú padà, kí n rí i.